Ilé Ìwé Tí Jákọ́bù Yàn fún Tutù

Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Jákọ́bù Olówòkéré ti yan nǹkan fún ara rẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ó yàn láti bá àwọn ará ìjọ kan tó ń lọ tẹ Ayétòrò dó sétí òkun lọ, láti ìgbà náà wá, ìlú ló ń bá a yan gbogbo yòókù. Ìlú ló ní ilé tó ń gbé. Aṣọ tí ìlú bá rán ló ń wọ̀, irú rẹ̀ gan-an ni aládùúgbò rẹ̀ náà sì ń wọ̀. Bí agogo oúnjẹ bá dún, ohun tí wọ́n bá bù fún un ni yóò jẹ. Bó bá jẹ́ pupuru ni, pupuru náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló wù ú. Wọ́n ní kó máa kan ọkọ̀, ó sì ń kan ọkọ̀. Ẹ má rò pé ọkùnrin náà ń ráhùn o. Ara tù ú. Ẹni tí kì í yan nǹkan kì í ṣi nǹkan yàn, kò sì sẹ́ni tí yóò nàka sí i.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà ìjọ pe òun àti Moríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1962, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ yan ilé ìwé tí Adétutù ọmọ wọn yóò lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ẹ̀rù ló bà á. Ó dúró pé kí àwọn àgbà parí ọ̀rọ̀, kí wọ́n wá sọ èyí tí wọ́n ti yàn. Wọn ò sọ.

"Ọ̀kan nínú ilé ìwé méjèèjì yìí yóò mú ọmọ náà jìnnà sí wa," ni àgbà tó jókòó láàárín wí. "A ò lè pàṣẹ pé kí ẹ yọ̀ǹda ọmọ, a ò sì lè pàṣẹ pé kí ẹ dá a dúró. Èyí tí ẹ bá yàn, ìjọ yóò gbé bùkátà rẹ̀. Ẹ lọ bá Tíṣà Ísákì, yóò ṣàlàyé."

Adétutù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tutù, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Adití ni. Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Ó ti ń gbọ́ràn, ó ti ń da àwọn àgbà láàmú pẹ̀lú ìbéèrè, kí ibà líle kan tó dá a dúbúlẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ibà lọ, etí bá a lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku ìró mẹ́ta mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ ìtumọ̀ wọn. Níbòmíràn, ẹ̀yìn ààrò ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ì bá dàgbà sí. Ṣùgbọ́n Ayétòrò kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá ṣe nǹkan. Bí ọmọ bá ti wọ ilé ìwé, wọ́n á fún un ní èkejì: ọmọ méjì, síléètì kan, àga kan, àwo oúnjẹ kan. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí rẹ̀, máàkì kan ṣoṣo ni tíṣà sì ń fún wọn. Ọmọ tó bá yanjú ìṣirò tó wá fọwọ́ bò ó kí èkejì rẹ̀ má baà rí i, anìkànjọpọ́n ni, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Wọ́n ń sọ ọ́ fún wọn láràárọ̀.

Jọọlá ni wọ́n fún Tutù ní tirẹ̀. Ọmọ Rèbékà ni, opó kan tó ń yan ẹja. Kí ọdún kan tó pé, Jọọlá ti sọ ìka di ẹnu. Àwọn méjèèjì ṣẹ̀dá èdè fún ara wọn: ìka fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ méjèèjì fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ohun tí tíṣà bá sọ, Jọọlá á fi ìka rò ó, Tutù á kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé Tutù gún régé, ti Jọọlá sì dà bí ilẹ̀ tí adìẹ tú. Tutù ló tún mọ ìṣirò jù. Ipò kìíní ni wọ́n ń gbà lọ́dọọdún. Àwọn ará ìlú náà kọ́ díẹ̀ nínú èdè ọwọ́ yìí, tàbí kí n sọ pé wọ́n rò pé àwọn kọ́ ọ. Bí Tutù bá ń kọjá lórí afárá pákó, wọ́n á juwọ́ sí i, á juwọ́ padà, inú gbogbo wọn á dùn.

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe Tutù," ni Jákọ́bù máa ń sọ fún àlejò tó bá béèrè. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Tíṣà Ísákì gbé ìwé méjì síwájú wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òun ló kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì láti kíláàsì kìíní, òun ló sì ń kọ lẹ́tà kiri nítorí Tutù láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé àkọ́kọ́ wá láti ilé ìwé àwọn adití kan ní Èkó. Wọ́n ní àyè kan ṣí sílẹ̀. Àwọn tíṣà tó mọ bí a ṣe ń kọ́ adití wà níbẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ láti máa fojú ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, wọ́n á sì mú un débi tí yóò fi ṣe ìdánwò ìjọba bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọmọ tó bá ti ju ọdún mẹ́tàlá lọ, òbí sì gbọ́dọ̀ fèsì kí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fún ẹlòmíràn. Ìwé kejì ni fọ́ọ̀mù ilé ìwé gírámà kan ní ìlú òkè, níbi tí ọmọ Ayétòrò bíi mélòó kan wà. Oṣù Òkítóbà ni ìdánwò ìwọlé wọn. Jọọlá ń lọ ṣe é.

"Tíṣà, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?" Jákọ́bù bi í.

"Èkó," ni Ísákì dáhùn, kò tilẹ̀ ronú. "Irú ilẹ̀kùn yìí kì í ṣí lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé wọ́n á gba Jọọlá mọ́ ọn?"

"Jọọlá ń gbọ́ràn, Arákùnrin Jákọ́bù. Ilé ìwé adití ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Jákọ́bù ń rò ṣáá. Kò mọ̀wé, kò mọ Èkó ju èbúté rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọ òun kò tíì lo ọjọ́ kan láyé láì rí Jọọlá láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ń ro bí Tutù yóò ṣe dúró láàárín ọgbà ńlá kan, tí yóò gbọ́wọ́ sókè láti sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tó ń wí. Ó rí àwòrán yìí kedere débi pé kò rí òmíràn mọ́.

Moríkẹ́ ti mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n tó délé. Ahunṣọ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ kì í nílò àtúnsọ.

"Bàbá Tutù, ẹ jẹ́ kí ọma lọ Èkó. Mi ò ní rí i foṣù mẹ́ta gbáko, màá sunkún. Ẹkún ò pa èèyàn rí. Bí ọjọ́ bá pé tí Jọọlá lọ sílé ọkọ, ṣé a máa dì í mọ́ ẹrù rẹ̀ ni?"

"Ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ l'Ékòó?"

"Àwọn tó dà bíi rẹ̀."

"A ò mọ̀ wọ́n."

"Òun náà ò mọ Jọọlá kí wọ́n tó gbé e fún un," ni Moríkẹ́ wí. Ó tún ní kí wọ́n kúkú bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè.

Ibi tí wọ́n ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Ísákì, tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá sílé, ní òun yóò kọ ìbéèrè náà sórí síléètì fún Tutù, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì. Jákọ́bù ní kí ló tó bẹ́ẹ̀, ṣebí Jọọlá ń bẹ nílé. Wọ́n pe Jọọlá. Jákọ́bù sọ ọ̀rọ̀ náà, Jọọlá fi ọwọ́ rò ó, Tutù sì dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ rìn títí, ó nàka sí omi, ó nàka sí ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jọọlá wo ilẹ̀ díẹ̀.

"Ó ní ibi tí mo bá ń lọ lòun ń lọ, sà," ló wí.

"Gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn?" Moríkẹ́ bi í.

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, mà."

Moríkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní ẹni tí a fẹ́ já sílẹ̀ ni a tún rán níṣẹ́ pé kó lọ béèrè bóyá ká já òun sílẹ̀. Jákọ́bù ní kí ó má fi ọ̀rọ̀ àgbà kó ọmọdé lẹ́rù. Ó ti gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ èyí tó fẹ́ kì í tún dẹtí sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Rèbékà wá bá a ní àtíbàbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Èéfín ẹja ò tíì kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Arákùnrin Jákọ́bù, mo ghá bẹ̀ yín ni. Wọ́n ní ẹ fẹ́ gba èkejì ọma mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Jọọlá ò lè dá ìṣirò ṣe, Tutù ló ń ṣe é fún un. Bí wọ́n bá jọ lọ síbi ìdánwò yìí, àwọn méjèèjì á yege. Bí ẹ bá yà wọ́n, ẹ ti fi ẹyọ kan ba méjì jẹ́."

Kò sí ìkà nínú ohun tó sọ. Ìyá ni, ó ń wá ti ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jákọ́bù: látìgbà tí àwọn àgbà ti ní kó lọ yàn ló ti ń wá ẹni tí yóò bá òun yan nǹkan yìí, Rèbékà sì dé, ó bá a yàn án. Ara rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbé òòlù rẹ̀, ó ń kàn án lọ, ó tilẹ̀ ń kọrin ìsìn lábẹ́lẹ̀.

Ísákì ló bá a kọ fọ́ọ̀mù ilé ìwé gírámà náà. Ó bínú díẹ̀ ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú. Nígbà tó kan ìbéèrè kan nísàlẹ̀, ó gbé kálàmù sókè.

"Wọ́n ń béèrè bóyá àbùkù kan wà lára ọmọ yìí. Kí ni kí n kọ?"

"Kò sí," ni Jákọ́bù wí.

"Etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Tíṣà, ẹ dárúkọ ohun kan fún mi tí Tutù ò lè ṣe. Ẹyọ kan."

Ísákì ronú títí. Kò rí ẹyọ kan. Ọdún mẹ́fà ló ti ń fún àwọn ọmọ méjèèjì ní máàkì kan náà, kò sì tíì ní ìdí láti bi ara rẹ̀ léèrè èyí tó jẹ́ ti ta ni nínú rẹ̀. Ó tún ń rò ó pé bí òun bá kọ "adití," wọ́n lè má tilẹ̀ pe ọmọ náà rárá. Ó kọ "Kò sí." Jákọ́bù tẹ àtàǹpàkò sí i. Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà parí, ẹnikẹ́ni ò fèsì sí lẹ́tà Èkó.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò ku ọ̀la, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ìjọ gbé Jákọ́bù àti àwọn ọmọbìnrin méjèèjì la ipa odò tí wọ́n gbẹ́, títí dé Ìgbókọ̀dá, wọ́n sì wọ lọ́rì níbẹ̀. Tutù ò tíì rí eruku pupa rí. Ó ń nàka sí gbogbo nǹkan, Jọọlá ń dá a lóhùn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín débi tí àwọn èrò lọ́rì fi ń wò wọ́n. Ísákì ti sọ fún wọn pé àga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò jókòó sí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rò pé wọ́n mọ̀ pé kálukú ló ń dá ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ta ni ì bá ti kọ́ wọn?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Jákọ́bù dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan tó kọjú sí fèrèsé yàrá náà. Ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ìwé títẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Tutù wà níwájú, Jọọlá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Tutù ló kọ́kọ́ parí láàárín ogójì ọmọ. Ó ká ọwọ́ sórí tábìlì, ó wo bàbá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín sí i. Jákọ́bù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun kò gbọ́ ti Moríkẹ́.

Lọ́sàn-án, ó kan àpèkọ. Tíṣà ọ̀dọ́ kan mú ìwé lọ́wọ́, ó ń kà á sókè fún wọn kí wọ́n máa kọ ọ́, ó sì ń rìn láàárín àwọn àga, ó ń kẹ́yìn sí Tutù. Tutù rí i tí gbogbo ọmọ dorí kodò tí wọ́n ń kọ̀wé. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú padà sí Jọọlá, bó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà.

Jọọlá sì gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níṣojú gbogbo èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka pe ọ̀rọ̀ fún èkejì rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kíákíá, láì bẹ̀rù, láì fi pamọ́. Tutù ń wò ó, ó ń kọ ọ́. Bí ó ṣe yẹ kí ìwé rí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́: ẹnì kan ń sọ, ẹnì kan ń kọ, ti àwọn méjèèjì ni.

Tíṣà náà pariwo pé kí Tutù dúró. Tutù ò dúró, ó ṣì ń kọ. Ọkùnrin náà rò pé àfojúdi ni. Ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ kálàmù rẹ̀, yíǹkì sì fà gbọọrọ kọjá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọ. Ó fi yíǹkì pupa kọ "OLÈ" sórí rẹ̀. Tutù kà á, ó sì fi kálàmù rẹ̀ lélẹ̀.

Wọ́n kó Jákọ́bù àti àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, kò tóbi. Àgbàlagbà ni ọ̀gá náà, ohùn rẹ̀ kò le.

"Kí lo ń fi ọwọ́ ṣe?" ó bi Jọọlá.

"À ń kọ ọ́ ni, sà."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Èmi àti èkejì mi. Kì í gbọ́ràn, sà. Mo ní láti sọ ọ́ fún un."

Ọ̀gá náà wo Jákọ́bù. "Òótọ́ ni, Bàbá? Adití ni ọmọ yín?"

"Òótọ́ ni, sà."

Ó ṣí fáìlì, ó yọ fọ́ọ̀mù jáde, ó kà á, ó wá fi ìka sí abẹ́ ibi kan. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé kò sí àbùkù kankan. Àtàǹpàkò yín rèé."

"Kò sí àbùkù lára rẹ̀, sà," ni Jákọ́bù wí. Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ bó ṣe dún létí ẹni tí kì í ṣe ará Ayétòrò.

Ọ̀gá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wá síbí tí kò gbọ́ràn. Bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. A kọ àpèkọ náà sórí bọ́ọ̀dù fún un pẹ̀lú àlàfo, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú àwọn àlàfo náà, ó sì wọlé. Bí ẹ bá ti sọ fún mi ni, Bàbá, à bá ti ṣe é fún ọmọ yín. Ní báyìí, ogójì ọmọ ló ti rí i pé wọ́n mú un. Mi ò lè fọwọ́ bò ó mọ́."

Jákọ́bù dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe eré, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá náà dìde, ó fà á sókè, ojú ń tì í. Ó ní òun kò lè ṣe nǹkan kan sí ti Tutù. Ó wá mú ìwé ìṣirò Jọọlá.

"Ọmọ yìí kò jí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni wò, ó kàn ń fún ẹlòmíràn ni. Ìṣirò tó dá ṣe láàárọ̀ dára, ó ju ìdajì lọ dáadáa. Bó bá lè dá jókòó nínú yàrá kejì nísinsìnyí kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ fún un, màá gbà á."

Ìṣirò tó dá ṣe. Jákọ́bù gbọ́ ọ. Ohun tí Rèbékà fi bẹ̀ ẹ́, irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rèbékà fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè dá ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n dán an wò rí.

"Bàbá Tutù," Jọọlá pè é, "ṣé kí n lọ?"

Bí ó bá ní kó má lọ, kò ní lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Jákọ́bù wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń wo ẹnu àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan láì rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ìgbà kejì nìyí tí a ní kó yàn láàárín oṣù díẹ̀.

"Lọ ṣe é," ó wí.

Èyí tó yàn dáadáa nìyẹn, òun náà ló sì dùn ún jù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá kejì. Tutù lọ dúró sójú fèrèsé rẹ̀ níta, ó tẹ imú mọ́ gíláàsì. Ó rí èkejì rẹ̀ tó dorí kodò, tó ń kọ̀wé pẹ̀lú ọwọ́ burúkú yẹn, tí kò gbójú sókè. Ó kan gíláàsì. Jọọlá ò gbójú sókè. Ó tún kàn án. Jákọ́bù lọ mú un lọ́wọ́, ó fà á kúrò níbẹ̀, ọmọ náà sì ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi dé abẹ́ igi.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Tutù béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Jọọlá, ọwọ́ rẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀kan péré. Jọọlá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan.

Ísákì kọ̀wé sí Èkó ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Èsì dé nínú oṣù Nọ̀fẹ́ńbà. Wọ́n ní àwọn ti fi àyè náà fún ọmọ mìíràn lọ́jọ́ kìíní oṣù Òkítóbà. Wọ́n ní kò sí àyè mìíràn kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, ọmọ yín yóò sì ti pé mẹ́rìnlá nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Ísákì ka lẹ́tà náà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí Jákọ́bù ní kó tún un kà.

Moríkẹ́ kò pariwo. Ó ní, "Mo bínú sí yín, Bàbá Tutù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí yóò tán." Ó padà sídìí òfì rẹ̀. Àbámọ̀ kì í ṣíwájú ọ̀rọ̀, òun ní í gbẹ̀yìn rẹ̀. Jákọ́bù mọ òwe náà láti kékeré, kò ràn án lọ́wọ́.

Nínú oṣù Jánúárì, Jọọlá lọ sí ilé ìwé gírámà. Rèbékà fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu ọkọ̀, kò sì lè wo ojú Moríkẹ́. Àwọn àgbà gbìyànjú. Wọ́n fún Tutù ní èkejì tuntun, ọmọ kan tó ń jẹ́ Rhoda, ọmọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Rhoda wá sọ fún wọn pẹ̀lú omijé pé òun kì í mọ ohun tó ń wí. Ìgbà náà ló wá hàn sí gbogbo ìlú pé ọwọ́ ni àwọn kàn ń jù sí ọmọ náà. Ìkíni ni wọ́n mọ̀, wọ́n mọ "wá jẹun," wọ́n mọ "ó dàárọ̀." Ohun yòókù tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́fà, ẹnu Jọọlá ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń pariwo sí i báyìí, bí ẹni pé bí ohùn bá ròkè tó, yóò wọlé.

Ísákì gbé síléètì fún un pé kó máa kọ ohun tó bá fẹ́. Tutù tì í padà. Láti ọjọ́ ìdánwò, kò fọwọ́ kan kálàmù tàbí pẹ́ńsù mọ́, ọwọ́ tó ń kọ̀wé gún régé bẹ́ẹ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Níkẹyìn, ìlú ní kó lọ máa bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní àtíbàbà ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yí òwú nínú ọ̀dà, kí wọ́n fi dí àárín pákó kí omi má baà wọlé. Ó mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ọjọ́ kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti lọ jẹun. Ó ku Jákọ́bù àti Tutù. Ohun kan ti ń jẹ ọkùnrin náà lọ́kàn láti oṣù mélòó kan: kí ni ọmọ yìí sọ gan-an lọ́jọ́ tí a bi í léèrè, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ rìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ó fi òòlù sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé. Ó nàka sí i, ó nàka sí ọ̀nà Èkó, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń béèrè.

Ó yé Tutù. Ó yé e kíákíá, nítorí ojú rẹ̀ yí padà. Ó nu ọ̀dà lọ́wọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ìka rẹ̀ ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ ń bọ̀, ó nàka sí omi, ó fọwọ́ kan etí, ó ká ìka rẹ̀ jọ sí àyà, omijé ń ṣàn, kò nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò ráyè. Jákọ́bù ń wò ó. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ó rí "èmi." Ó rò pé òun rí "ilé ìwé," kò dá a lójú.

Nígbà tí Tutù parí, ó gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀, ó ń dúró de èsì. Jákọ́bù mi orí sí i pé òun ti gbọ́.

Tutù wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó padà sídìí òwú àti ọ̀dà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.